Iṣẹ́ ìtọ́jú etí àti ọ̀rọ̀ sísọ láti ọ̀nà jíjìn: àlàyé fún àwa ará Òṣogbo

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé ní Òṣogbo báyìí, pé ẹni tí ó bá kọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú etí tàbí ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ lè jókòó sínú yàrá rẹ̀ ní Òkè-Fìà, kí ó máa tọ́jú àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Amẹ́ríkà lójú kọ̀ǹpútà, kí owó dọ́là sì máa wọlé fún un lóṣooṣù. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, àmọ́ kò rí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Iṣẹ́ náà wà, àwọn ènìyàn ń ṣe é, ìwádìí sì ti fi hàn pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣeé ṣe dáadáa láti ọ̀nà jíjìn. Ohun tí ó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé ẹ̀rọ lè gbé ohùn àti àwòrán ènìyàn kọjá òkun kíá, ṣùgbọ́n kò lè bá a gbé ìwé àṣẹ rẹ̀ kọjá. Lójú òfin, ibi tí aláìsàn jókòó sí ni ìtọ́jú ti wáyé, ibi yòówù kí olùtọ́jú wà. Ẹni tí ó bá di gbólóhùn kan yìí mú, ọ̀pọ̀ ohun tí ó rú u lójú nípa iṣẹ́ yìí yóò yé e.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a ya àwọn òṣìṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú wa ni ó ń pe gbogbo wọn ní dókítà etí. Dókítà etí, imú àti ọ̀fun jẹ́ oníṣègùn. Òun ni ó ń kọ oògùn, òun náà ni ó sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Onímọ̀ ìgbọ́ràn, ẹni tí wọ́n ń pè ní ọdiọ́lọ́jíìsì nílé ìwòsàn, kì í ṣe iṣẹ́ abẹ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti wọn bí etí ṣe ń gbọ́ sí, láti mọ apá ibi tí ìṣòro wà nínú etí, láti yan ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kí ó sì tò ó kí ó bá etí ẹni tí yóò lò ó mu, àti láti tọ́jú àwọn tí òòyì ń kọ́ nítorí àìsàn inú etí. Onímọ̀ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, tí a mọ̀ sí spíìṣì tẹ́rápíìsì, ni ó ń tọ́jú ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ́ kí ó tó yọ, akólòlò, ẹni tí ohùn rẹ̀ há, àti àgbàlagbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Òun kan náà ni ó ń tọ́jú ẹni tí oúnjẹ tàbí omi ń gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí ó bá ń gbé e mì, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ó wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ àwọn adití, irú àwọn tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Àkànṣe ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́ ti ń kọ́ láti 1977, jẹ́ olùkọ́ ní tirẹ̀; èdè àfọwọ́sọ àti ẹ̀kọ́ inú kíláàsì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ọ̀kan kì í dúró fún ti èkejì. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àwọn kan ti parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ adití tán, wọ́n sì rò pé ó tó láti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ níbikíbi.

Ní orílẹ̀-èdè wa, ìgbìmọ̀ Medical Rehabilitation Therapists Board, tí a máa ń gé kúrú sí MRTB, tí òfin gbé kalẹ̀ ní 1988, ni ó ń fi orúkọ àwọn onímọ̀ ìgbọ́ràn àti onímọ̀ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ sílẹ̀, pa pọ̀ mọ́ àwọn onífisiotẹ́rápì àti àwọn mìíràn tí iṣẹ́ wọn jọra. Ẹni tí kò bá sí lórí ìwé wọn kò gbọ́dọ̀ tọ́jú ènìyàn ní Nàìjíríà, yálà lójúkojú ni o tàbí lórí fóònù. Àwọn òṣìṣẹ́ náà tún ní ẹgbẹ́ tiwọn, SPAAN, ṣùgbọ́n ìwé ẹgbẹ́ kì í ṣe ìwé àṣẹ ìjọba.

Nínú iṣẹ́ méjèèjì, ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ni ó bá ọ̀nà jíjìn mu jù, nítorí pé ohun tí olùtọ́jú nílò jù lọ ni kí ó rí ojú aláìsàn, kí ó gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ó sì fèsì. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Èkíní ni kí àwọn méjèèjì pàdé lórí fídíò ní àkókò kan náà. Èkejì ni kí aláìsàn tàbí òbí ká ohùn tàbí fídíò sílẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́, kí olùtọ́jú sì wò ó nígbà tí àyè bá gbà á, kí ó dá èsì padà. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà, ASHA, ti gbà láti 2005 pé ìtọ́jú láti ọ̀nà jíjìn jẹ́ ojúlówó ìtọ́jú, bí ó bá ṣáà ti dọ́gba pẹ̀lú ti ojúkojú. Ní Ọsirélíà, àwọn olùwádìí fi ètò Lidcombe, tí a fi ń tọ́jú àwọn ọmọdé tí ó ń kólòlò, wé ara wọn lọ́nà méjì, ní ilé ìtọ́jú àti lórí fídíò, wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọ tí a tọ́jú lórí fídíò kò ṣe kéré sí àwọn yòókù. Èyí kò yà mí lẹ́nu, nítorí pé nínú ètò yẹn òbí ni ó ń ṣe ìtọ́jú lójoojúmọ́ nínú ilé. Olùtọ́jú kàn ń kọ́ òbí ni, ó sì ń tọ́ ọ sọ́nà. Fún àwọn tí àrùn Parkinson, èyí tí ń mú kí ara máa gbọ̀n, ti mú kí ohùn wọn lọ sílẹ̀, ètò LSVT LOUD wà, tí ó ń kọ́ wọn láti gbé ohùn sókè, tí ó jẹ́ ìpàdé 16 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìpàdé mẹ́rin lọ́sẹ̀. Ẹ wo baba àgbàlagbà kan ní Òkè-Baálẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ẹnìkan ní láti gbé e lọ sí Ìbàdàn fún ọjọ́ mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀ kan, fún odindi oṣù kan. Fún irú baba bẹ́ẹ̀, bí kò bá sí ti orí fídíò, kò sí ìtọ́jú rárá.

Síbẹ̀, ojú ẹ̀rọ kì í fi gbogbo nǹkan hàn. Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọ ọdún márùn-ún kan tí kò lè pe gb dáadáa, tí ó ń pe gbogbo rẹ̀ ní b. Ẹni tí ó bá fẹ́ pe gb ní láti pa ètè rẹ̀ méjèèjì dé, kí ẹ̀yìn ahọ́n rẹ̀ sì gbéra lọ kan òkè ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ ayàwòrán yóò fi ètè hàn, ṣùgbọ́n kò lè fi ẹ̀yìn ahọ́n hàn, nítorí náà etí ni olùtọ́jú yóò gbẹ́kẹ̀ lé. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń já, tàbí bí fóònù òbí bá ń gé ohùn, etí náà yóò tàn án. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tí kò tíì ṣe iṣẹ́ yìí kì í fura sí: àwọn ètò ìpè orí fídíò ni a ṣe láti máa pa ariwo, wọ́n sì máa ń ka ìró bíi s, f àti ṣ kún ariwo, wọ́n á sì dín wọn kù. Olùtọ́jú lè máa rò pé ọmọ kò pe ṣ rárá, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ó gbé e mì. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń pa àtúnṣe ariwo yẹn kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì máa ń ní kí òbí ká ohùn ọmọ sílẹ̀ sórí fóònù fúnra rẹ̀, kí ó fi í ránṣẹ́ lẹ́yìn ìpàdé.

Apá kan wà tí èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti dá nìkan ṣe láti ọ̀nà jíjìn, ìyẹn ni ìtọ́jú gbígbé oúnjẹ mì. Bí oúnjẹ bá gba ọ̀nà òdì nígbà tí olùtọ́jú wà lójú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ rẹ̀ kò lè dé ibẹ̀. Wọ́n ń ṣe é ní àwọn ibì kan, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìlera tí a ti kọ́ máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn.

Ní ti etí, ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀ sí i, nítorí pé ìwọ̀n ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ onímọ̀ ìgbọ́ràn, ìwọ̀n sì nílò ohun èlò tí ó dúró ṣinṣin. Nínú àyẹ̀wò tí ó wọ́pọ̀ jù, aláìsàn yóò de ẹ̀rọ sí etí, wọn yóò máa fi ìró kékeré ránṣẹ́ sí etí kan lẹ́yìn èkejì, láti orí ìró tí ó rẹlẹ̀, bíi 250 Hz, títí dé èyí tí ó ga, 8000 Hz (Hz ni a fi ń wọn bí ìró ṣe ga tàbí rẹlẹ̀ sí). Nígbàkígbà tí ó bá gbọ́ ìró kan, bí ó ti wù kí ó kéré tó, yóò tẹ bọ́tìnnì kan. Ìró tí ó kéré jù tí ó lè gbọ́ ni wọn yóò kọ sílẹ̀ ní dẹ́síbẹ́lì, ìyẹn ohun tí a fi ń wọn bí ìró ṣe pariwo tó. Nínú ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò láti 2021, ẹni tí ó bá ń gbọ́ ìró tí kò tó dẹ́síbẹ́lì 20 ni etí rẹ̀ pé. Ẹni tí ó bá wà láàárín 35 sí 50 ti ń ní ìṣòro láti gbọ́ ọ̀rọ̀ lásán. Ní báyìí, ẹ gbé irú àyẹ̀wò yìí wá sí yàrá kan nítòsí Ọjà Ọba ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, tí jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé, tí ẹ̀rọ ìlọta ń lọ lójúde, tí àwọn ọlọ́kadà sì ń fun fèrè. Ariwo yẹn yóò bo àwọn ìró kékeré mọ́lẹ̀, pàápàá àwọn ìró tí ó rẹlẹ̀, èsì yóò sì fi ẹni tí etí rẹ̀ pé hàn bí ẹni tí kò gbọ́ràn. Ìdí tí ilé ìwòsàn fi ń kọ́ yàrá kékeré tí ohùn kì í wọ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ sì ní láti lọ fún àtúnwọ̀n lọ́dọọdún, kí ìró tí ó pè ní 20 lè jẹ́ 20 ní tòótọ́.

Ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ń wá ọ̀nà gba ibẹ̀ kọjá. Ní Yunifásítì Pretoria ní Gúúsù Áfíríkà, Ọ̀jọ̀gbọ́n De Wet Swanepoel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò etí tí ó ń lo fóònù lásán pẹ̀lú ẹ̀rọ etí tí a ti wọ̀n, tí fóònù náà sì ń fetí sí ariwo àyíká, tí ó ń kìlọ̀ bí ariwo bá pọ̀ jù. Láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ètò hearWHO ti Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wá ní 2019, èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi yẹ etí ara rẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Àyẹ̀wò ìfura ni; kì í sọ irú àìsàn tí ó wà nínú etí. Ohun tí ó ti di iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn gan-an fún onímọ̀ ìgbọ́ràn ni ohun tí ó máa ń tẹ̀lé àyẹ̀wò: títún ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kíkọ́ àgbàlagbà bí yóò ṣe máa lò ó, gbígba ẹni tí etí rẹ̀ ń hó ní ìmọ̀ràn, àti wíwo àwòrán ìlù etí tí òṣìṣẹ́ kan yà ní ilé ìwòsàn kékeré tí ó sì fi ránṣẹ́. Ní oṣù kọkànlá 2017, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa tún ẹ̀rọ tí a fi iṣẹ́ abẹ gbé sínú etí, irú ti Nucleus, tò láti ọ̀nà jíjìn. Àyẹ̀wò ọmọ tuntun ní tirẹ̀ nílò ẹni tí yóò fọwọ́ lẹ nǹkan mọ́ orí ọmọ, tí yóò fi ẹ̀rọ kékeré sí i ní etí nígbà tí ó bá ń sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ka èsì náà lè wà ní ìlú mìíràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń ṣú jù ni ti ìwé àṣẹ, n ó sì fara balẹ̀ lórí rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, kò sí ìwé àṣẹ kan ṣoṣo fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń fún ènìyàn ní tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́jú ọmọ tí ó wà ní Texas gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ Texas, bí ọmọ náà bá sì bá àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Georgia, olùtọ́jú náà gbọ́dọ̀ ní ti Georgia kí ìtọ́jú tó lè máa bá a lọ. Àwọn ìpínlẹ̀ púpọ̀ ti wọ inú àdéhùn kan láti mú èyí rọrùn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti ní ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ tí ilé wọn wà ní Amẹ́ríkà ni ó wà fún. Kí ènìyàn tó lè gba ìwé àṣẹ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ níbẹ̀, wọn a máa béèrè oyè másítà, iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ wákàtí 400 lábẹ́ olùtọ́jú àgbà, ìdánwò àpapọ̀, àti iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 36 lábẹ́ àbójútó lẹ́yìn ìyẹn. Fún ìtọ́jú etí, oyè dókítà inú iṣẹ́ náà ni wọ́n ń béèrè báyìí, ó sì sábà máa ń gba ọdún mẹ́rin lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́.

Ká ní ènìyàn tilẹ̀ ní gbogbo èyí, ìdènà kan ṣì wà tí àwọn tí ń polówó iṣẹ́ yìí kì í mẹ́nu bà. Medicaid, owó ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń san fún àwọn tí kò rí jájẹ, ni ó ń san apá kan lára ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ àwọn ọmọ ilé-ìwé gbogboògbò níbẹ̀. Òfin ìlera tí wọ́n ṣe ní 2010 sì sọ pé owó Medicaid kò gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tàbí àjọ kankan tí ó wà lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà. Medicare, ti àwọn àgbàlagbà, náà kì í sábà san owó ìtọ́jú tí a ṣe lẹ́yìn odi. Nítorí náà ni púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú orí fídíò ní Amẹ́ríkà fi ń kọ ọ́ sínú ìpolówó wọn pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa gbé nínú Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá ka gbólóhùn náà kò gbọ́dọ̀ rò pé ìkórìíra ni. Ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé sí wọn ni ó dè wọ́n lọ́wọ́. Àwọn aláìsàn tí ń fi owó ara wọn sanwó wà, owó wọn kò sì sí lábẹ́ òfin ti Medicaid yìí, ṣùgbọ́n olùtọ́jú wọn ṣì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ tí wọ́n wà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ HCPC ni ó ń fi orúkọ àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ sílẹ̀, òfin kò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti pe ara rẹ̀ ní orúkọ iṣẹ́ yẹn bí kò bá sí nínú ìwé wọn. Ọ̀nà wà fún ẹni tí ó kàwé ní òkè òkun láti béèrè fún ìforúkọsílẹ̀ yìí, ọmọ Nàìjíríà náà sì lè gbà á. Ní Kánádà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní àjọ tirẹ̀. Àdéhùn ìtẹ́wọ́gba ìwé ẹ̀rí kan tún wà láàárín ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ ti Amẹ́ríkà, Kánádà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ayaláńdì, Ọsirélíà àti New Zealand. Nàìjíríà kò sí nínú rẹ̀. Ìtumọ̀ èyí fún wa ni pé ìwé MRTB, bí ó ti níyì tó nílé, kò lè ṣí ilẹ̀kùn àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́fà wọ̀nyẹn fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè kan tí ó dun àwọn ènìyàn ni ti àwọn ọmọ wa tí ó wà ní òkè òkun. Ìyá kan láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ó ń gbé ní Houston lè fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ tí kò tíì sọ̀rọ̀ gba ìtọ́jú ní èdè Yorùbá, lọ́wọ́ ọmọ ìlú rẹ̀. Ìfẹ́ náà tọ́, mo sì gbà pé èdè ilé ṣe pàtàkì fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà wà ní Texas, òfin Texas ni ó sì bò ó. Ohun tí ó ṣeé ṣe ni kí olùtọ́jú tí ó ní ìwé àṣẹ níbẹ̀ gba ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa ní Òṣogbo gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀ àti olùdámọ̀ràn lórí èdè. Iṣẹ́ gidi ni èyí, ó sì níye lórí ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Àyẹ̀wò tí a ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì yóò ka àṣìṣe sí ọmọ lọ́rùn nítorí pé kò pe v tàbí z, ìró tí kò sí nínú Yorùbá rárá. Kò sì ní bi í léèrè nípa gb, p tiwa, tàbí ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Olùtọ́jú tí kò ní ẹni tí yóò ṣàlàyé èyí fún un lè kọ ọ́ pé ọmọ tí kò ní àìsàn kankan ń ṣàìsàn, tàbí kí ó fojú fo ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ní tòótọ́.

Àwọn iṣẹ́ mìíràn wà ní àyíká ìtọ́jú yìí tí kò béèrè ìwé àṣẹ olùtọ́jú, àwọn ni wọ́n sì rọrùn jù láti gbà láti ibí. Àwọn kan ń tẹ ọ̀rọ̀ sísọ sílẹ̀ fún àwọn adití nígbà ìpàdé tàbí sórí fídíò. Àwọn kan ń ṣètò àkókò ìpàdé aláìsàn, wọ́n ń gba ìpè àwọn tí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wọn kò ṣiṣẹ́, tàbí wọ́n ń bá olùtọ́jú ya àwòrán àti eré tí ó fi ń kọ́ ọmọ. Owó wọn kò tó ti olùtọ́jú. Mo sì fẹ́ kí ẹni tí ó bá gbà á mọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ tì í díẹ̀díẹ̀ sínú iṣẹ́ ìtọ́jú, bíi kí ó máa sọ fún aláìsàn bí yóò ṣe yí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn rẹ̀ padà fún irú àìgbọ́ràn tí ó ní.

Lójú tèmi, ibi tí iṣẹ́ yìí ti lè so èso jù fún ẹni tí ó wà ní Òṣogbo ni ilé wa níbí. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ lórí ìgbọ́ràn ní 2021 pé ènìyàn tí ó ju bílíọ̀nù 1.5 lọ ní àgbáyé ni etí wọn kò gbọ́ dáadáa dé ìwọ̀n kan, àti pé mílíọ̀nù 430 nínú wọn nílò ìtọ́jú. Ìròyìn kan náà sọ pé nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kéré jù, ìdá 93 nínú 100 ni kò ní tó onímọ̀ ìgbọ́ràn kan fún mílíọ̀nù ènìyàn kan. Àwa náà mọ ohun tí ń sọ ọmọ di adití ní àdúgbò wa: ibà pọ́njú ọmọ tuntun tí a kò tètè tọ́jú, yírùnyírùn, èéyi, àti abẹ́rẹ́ gentamicin tí a gún láìwọ̀n. Dókítà Bọ́lájókòó Olúsànyà ní Èkó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí àyẹ̀wò etí ọmọ tuntun àti lórí ibà pọ́njú, kí a má bàa máa pàdánù àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ìlànà tí ayé gbà ni kí wọ́n ti yẹ etí ọmọ wò kí ó tó pé oṣù kan, kí wọ́n ti mọ̀ dájú kí ó tó pé oṣù mẹ́ta, kí ìtọ́jú sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé oṣù mẹ́fà. Ìyá tí ó ń gbé ní Ìlobùú tàbí Ìkìrun lè rí owó ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kan fún àyẹ̀wò. Owó ọkọ̀ gbogbo ọ̀sẹ̀ fún ìtọ́jú tí yóò gba ọdún kan tàbí méjì ni kì í rí, ibẹ̀ gan-an sì ni ìtọ́jú orí fídíò ti wúlò. Aláìsàn wà ní Nàìjíríà, olùtọ́jú wà ní Nàìjíríà, ìwé MRTB sì bò wọ́n méjèèjì.

Ẹ wo bí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ṣe lè rí. Ìyá gbé fóònù ti agolo mílíìkì lórí tábìlì kí ojú ọmọ lè hàn gedegbe, ó ti fèrèsé, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Olùtọ́jú mú bọ́ọ̀lù kan jáde lójú ẹ̀rọ, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wo ọmọ. Ọmọ na ọwọ́ sí i. Olùtọ́jú sọ fún ìyá pé kí ó má tíì sọ̀rọ̀, kí ó dúró. Bí ọmọ bá mú ohùn kan jáde, ohun yòówù kí ó jẹ́, ìyá yóò fi bọ́ọ̀lù tirẹ̀ tí ó wà lábẹ́ tábìlì lé e lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, yóò sì pe orúkọ bọ́ọ̀lù náà lẹ́ẹ̀kan. Ìyá ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn, nínú ilé tirẹ̀, pẹ̀lú ohun ìṣeré ọmọ rẹ̀. Mo gbà gbọ́ pé ohun tí ó kọ́ bẹ́ẹ̀ yóò wọ̀ ọ́ lára ju èyí tí ó bá rí tí olùtọ́jú ń ṣe nínú ọ́fíìsì lọ.

Ẹni tí yóò máa ṣe èyí láti Òṣogbo nílò iná tí kì í já. Òótọ́ ni pé ìlú wa ni wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà, ṣùgbọ́n iná ilé kì í tìtorí ìyẹn dúró, nítorí náà ínfátà àti bátìrì ti di ọ̀ranyàn, jẹnẹrétọ̀ kò sì dára nítorí ariwo rẹ̀. Ó nílò íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀nà méjì, kí ọ̀kan gba iṣẹ́ bí èkejì bá kú, ẹ̀rọ etí tí ó ní gbohùngbohùn tirẹ̀, àti yàrá tí àwọn ará ilé kò ní máa gbà kọjá. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ gidigidi. Fídíò ọmọ ọlọ́mọ kò gbọ́dọ̀ wà nínú fóònù tí gbogbo ilé ń lò.

Fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, Yunifásítì Ìbàdàn ni ó sún mọ́ wa jù nínú àwọn tí ó ti pẹ́ nínú ẹ̀kọ́ yìí. Kí ó tó forúkọ sílẹ̀ níbikíbi, kí ó béèrè lọ́wọ́ MRTB bóyá ìwé ẹ̀rí ẹ̀ka tí ó fẹ́ wọ̀ yóò jẹ́ kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Èmi kò sì rò pé ó yẹ kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde bẹ̀rẹ̀ láti orí fídíò. Ẹni tí kò tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yẹ etí tí ọyún wà nínú rẹ̀ wò, tí kò tíì jókòó ti ọmọ tí ó ń ké tí kò sì fẹ́ wo ojú ènìyàn, kò tíì mọ ohun tí ẹ̀rọ ń fi pa mọ́ fún un.

Àwọn ẹlẹ́tàn ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá ní kí o san owó kí o tó gba iṣẹ́ tàbí kí ó tó bá ọ gba ìwé àṣẹ òkè òkun ń jalè ni, nítorí pé àjọ tí ń fúnni ní ìwé àṣẹ fúnra rẹ̀ ni a ń san owó ìwé àṣẹ fún. Ẹni tí ó bá ní kí o máa tọ́jú aláìsàn lórúkọ ẹlòmíràn tí ó ní ìwé àṣẹ, kí ẹ sì jọ pín owó, ń fà ọ́ sínú ẹjọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà ìlú tí àwọn aláìsàn wà, ẹni tí ìwé àṣẹ ìlú náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ń san owó, àti bóyá ó gba ẹni tí ó ń gbé ní Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ẹ tún wo agogo: nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé ní New York ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, agogo kan ọ̀sán ni níbí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó sì di agogo méjì nígbà òtútù wọn, tí iṣẹ́ yóò fi parí ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Bí wọ́n bá dárúkọ olùtọ́jú kan fún yín, ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìwé orúkọ HCPC wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà náà sì ní tiwọn, ẹnikẹ́ni sì lè wá orúkọ níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀.